Mo Mọ Ohun Tí Kò Jẹ́ Kí Àfẹ́sọ́nà Mi Lè Dọ̀bálẹ̀, Mo Sì Panu Mọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Mo ti bú ara mi tó, èébú tiyín ò lè ju tèmi lọ.

Ọmọ́táyọ̀ ni mò ń jẹ́, Warri ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni bàbá mi, iṣẹ́ epo ló gbé e wá síbí, ó sì ti fẹ̀yìn tì báyìí. Màmá mi ń ta ìkòkò àti abọ́ ní Main Market. Èmi ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Jakpa Road, ẹ̀yìn ọ́fíìsì wa gan-an sì ni jíìmù Kingsley, ibi tí a ti ń gbé irin, wà. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Akínsànmí.

Ọmọ Ìlàjẹ ni. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe, létí odò níbi tí òun àti màmá rẹ̀ ń gbé. Láti kékeré ló ti ń gbé ẹ́ńjìnnì wọlé gbé e jáde nínú ọkọ̀, nítorí náà kò sí ẹni tó lè bá a du dẹ́dìlífìtì ní jíìmù yẹn. Dẹ́dìlífìtì ni kí èèyàn bẹ̀rẹ̀, kó di ọ̀pá irin mú nílẹ̀, kó sì nàró pẹ̀lú rẹ̀.

Tèmi ni sikúọ́ọ̀tì. Ìyẹn ni kí o gbé irin náà lé èjìká, kí o lóṣòó pẹ̀lú rẹ̀, kí o sì dìde. Obìnrin kúkúrú ni mí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ò kéré. Bí mo bá ti gbé irin lé èjìká, àwọn ọkùnrin Warri yìí á fi tiwọn sílẹ̀, wọ́n á máa pariwo, "Tayo no dey play o!" Orí mi á wú.

"Kí ló le nínú dẹ́dìlífìtì?" ni mo máa ń sọ fún Akínsànmí. "Gbogbo alábàárù Main Market ló ń ṣe é látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Sikúọ́ọ̀tì ni ti ẹni tó gbójú."

Òun á rẹ́rìn-ín. "Táyọ̀, èyí tó wà nílẹ̀, bó bá wúwo jù, mo lè fi í sílẹ̀ kí n máa lọ sílé. Èyí tó wà léjìká ẹ ńkọ́, ta lo fẹ́ gbé e fún?"

"Ẹni tó bá dúró sẹ́yìn mi."

"Bí ẹni yẹn bá wá lọ ńkọ́?"

"Ojo ni ẹ́, jàre!"

Òfin jíìmù ni. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe sikúọ́ọ̀tì tó wúwo gbọ́dọ̀ ní ẹnì kan tó dúró sẹ́yìn rẹ̀, tó na ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, tó múra láti gbà á bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kọ̀. Akínsànmí ló máa ń dúró sẹ́yìn tèmi, kò sì wo ibòmíì rí.

Màmá mi ò gbọ́dọ̀ gbọ́. Ó ti fòfin de jíìmù tipẹ́, ó gbà pé irin gbígbé máa ń ba ilé ọmọ jẹ́. "Obìnrin tí kò tíì bímọ! Irin! Ṣé iṣẹ́ panápaná lo fẹ́ ṣe ni?" Mo ní mo ti jáwọ́. Irọ́ ni. Bí mo bá ń lọ sí jíìmù, màá ní choir ni mò ń lọ.

Nígbà tí Akínsànmí ní òun fẹ́ fẹ́ mi, bàbá mi kọ́kọ́ yínmú. "Ará odò? Ṣé ọkọ ti tán ní gbogbo Ìjẹ̀bú ni?" Àmọ́ lọ́jọ́ kan, a pàdé Akínsànmí ní Enerhen, láàárín èrò, láàárín kẹ̀kẹ́ àti bọ́ọ̀sì. Bó ṣe rí bàbá mi báyìí, ó nà gbalaja sílẹ̀ nínú eruku. Àwọn èèyàn dúró, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kò tilẹ̀ gbé orí sókè títí bàbá mi fi ní kó dìde.

Bàbá mi ò lè sọ̀rọ̀ mìíràn délé. "Ní Warri yìí! Níbi tí ọmọ kékeré ń na ọwọ́ sí mi, tó ń sọ pé 'How far, Daddy'! Ọmọ yẹn lẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó bí i kọ́ ọ." Bí wọ́n ṣe dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nìyẹn.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọjọ́ náà pé nígbà tí ẹnu mi kó bá wa.

A wà ní jíìmù nírọ̀lẹ́. Akínsànmí ti ṣe dẹ́dìlífìtì tirẹ̀, gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Inú mi ò dùn tó bó ṣe yẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Mo fẹ́ kí wọ́n yẹ́ èmi náà sí. Mo ní, "Ẹ má pàtẹ́wọ́ fún un mọ́. Bó bá lè lóṣòó pẹ̀lú ìwọ̀n tí mo gbé lánàá, mi ò ní bú dẹ́dìlífìtì mọ́ láyé mi."

Kingsley mi orí. "Akin, leave this woman. Your leg never ready for that kain weight."

"Ẹsẹ̀ ẹ̀ tín-ín-rín yẹn?" ni mo wí. "Kò lè ṣe é."

Akínsànmí wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó bọ́ sídìí irin. "Kingsley, abeg come stand for my back."

Mo ní rárá. "Èmi ni màá dúró sẹ́yìn ọkọ mi."

Irin méjì tó yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó máa ń gba ọ̀pá dúró bí èèyàn bá ṣubú, kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kingsley ti gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà. Ọwọ́ mi nìkan ló wà.

Ó lóṣòó, ó dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó fẹ́ gbé e padà síbi tó wà.

"Ọ̀kan sí i," ni mo wí. "Àbí ó ti rẹ̀ ẹ́?"

Ó tún lọ sílẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni fóònù mi dún nínú àpò. Mo mọ ohùn tí mo fi sí ìpè màmá mi. Bí mi ò bá gbé e, olórí choir ló máa pè, gbogbo irọ́ mi á sì tú. Mo sún sẹ́yìn. Ìṣísẹ̀ kan péré ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo gbé fóònù sétí. "Mọ́mì, mo wà ní choir."

"Táyọ̀!"

Ohùn Akínsànmí ni. Kí n tó yíjú, irin ti tẹ̀ ẹ́ síwájú, ó ti ṣubú lórí orúnkún, irin náà sì yí kọjá lórí ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó bọ́ sílẹ̀. Kingsley fò wá. Màmá mi ṣì ń sọ̀rọ̀ nínú fóònù, ó ń béèrè bóyá kí òun bu ẹ̀bà sílẹ̀ dè mí.

Dókítà ní nǹkan tó wà láàárín egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ti yẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ gbé nǹkan, kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ba, fún oṣù tó máa pọ̀. Ó ní yóò san, ṣùgbọ́n pẹ̀lú sùúrù.

Mo sunkún lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ títí ojú mi fi wú. Ṣé ẹ mọ ohun tó sọ fún mi? Ó ní, "Má sunkún mọ́. Fóònù ló dún. Ó lè ṣe ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀." Ì bá kúkú bú mi.

Lẹ́yìn náà ló ní, "Táyọ̀, mi ò ní lè dọ̀bálẹ̀ fún Dádì. Jẹ́ ká sún ọjọ́ yẹn síwájú."

"Bùrọ̀dá bàbá mi ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú Òde. Bí a bá sún un, wọ́n á béèrè ìdí."

"Nígbà náà, sọ fún wọn pé ẹ̀yìn ń dùn mí. Bí o bá ń bẹ̀rù, má dárúkọ jíìmù. Ṣáà jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ṣáájú kí n tó dé."

Mo ní màá sọ.

Àràárọ̀ ni mò ń múra láti sọ ọ́. Màá dé ẹnu ọ̀nà yàrá bàbá mi, màá dúró. Mo mọ bàbá mi, kì í béèrè ọ̀rọ̀ kan kó mọ síbẹ̀. Ibo ló ti ṣubú? Ta ló wà níbẹ̀? Kí lẹ jọ ń ṣe níbẹ̀? Màmá mi á sì gbọ́ pé mo ti ń purọ́ fún òun láti bí ọdún kan. Màá kí wọn "ẹ káàárọ̀, sà", màá sì gba ibi iṣẹ́ lọ.

Nígbà tí ó ku ọ̀la, Akínsànmí pè mí. "Ṣé o ti sọ fún wọn?"

"Mo ti sọ."

"Kí ni Dádì wí?"

"Wọ́n ní kò séwu. Wọ́n ní kí o kàn kúnlẹ̀."

Ẹ ò rí i bí! Irọ́ tèmi ò tó, mo tún fi ọ̀rọ̀ sí bàbá mi lẹ́nu. Mo gbọ́ bí ọmọkùnrin náà ṣe mí kanlẹ̀. "Ọlọ́run bùkún wọn," ló wí.

Wọ́n dé lọ́sàn-án Sátidé, òun àti màmá rẹ̀, Wọlé ọ̀rẹ́ rẹ̀, àti àwọn ọkùnrin díẹ̀ láti etí odò. Pálọ̀ wa kún. Bùrọ̀dá bàbá mi, Bàbá Kọ́láwọlé, jókòó sáàárín, ó gẹ fìlà sétí. Wọ́n ní kí àwọn ará ọkọ kí ìdílé.

Wọlé àti àwọn yòókù nà sílẹ̀ gbalaja. Akínsànmí di apá àga mú, ó rọra kúnlẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ nà ṣánṣán. Ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ bá mi rọ́jú, sà."

Àwọn ará ilé wa ń wo ara wọn.

"Kí leléyìí?" ni Bàbá Kọ́láwọlé wí. "Àwọn ọ̀rẹ́ wà nílẹ̀, ẹni tó fẹ́ gba ìyàwó ló nàró lórí orúnkún? Ṣé àwa la fẹ́ wá kí ọ ni?"

Ẹ̀rín kúrò lójú Akínsànmí. Ó wo bàbá mi. "Sà, ẹ̀yìn mi ni. Bí Táyọ̀ ṣe sọ fún yín."

Bàbá mi yíjú sí mi. Gbogbo ilé yíjú sí mi. "Ọmọ́táyọ̀, kí lo sọ fún wa?"

Mo wo màmá mi, ó ti la ojú mọ́ mi. Mo wo kápẹ́ẹ̀tì.

"Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, sà."

Mo ti kọ ọ́ síbí báyìí. Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Ohùn mi ò tilẹ̀ yí.

Akínsànmí wò mí. Kò bínú, ìyẹn ni kò jẹ́ kí n lè sùn mọ́. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù. Lẹ́yìn náà ó yọ ọwọ́ kúrò lára àga, ó tẹ̀ síwájú, ó sì nà sílẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ balẹ̀ ní iwájú bàbá mi.

Bàbá mi ní, "Ó tó, dìde." Kò dìde. Ó ki ọwọ́ mọ́lẹ̀, ó gbìyànjú, ó kérora. Òógùn bo ojú rẹ̀. Wọlé àti ẹnì kejì ló gbé e nílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń wọ́.

Màmá rẹ̀ figbe ta. "Ẹ̀yìn ń dun ọmọ mi! Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀! Ṣebí ní jíì…"

Akínsànmí di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ."

Ó bo àṣírí mi. Nínú ìrora yẹn, ó bo àṣírí mi.

"Háà! Aláìsàn!" ni Bàbá Kọ́láwọlé ń pariwo. "Aláìsàn ni wọ́n fẹ́ dọ́gbọ́n gbé fún wa! Ọmọ wa ò níí di olùtọ́jú aláìsàn o. Ẹ gbé ẹrù yín, ẹ máa lọ." Bàbá mi kàn ń wo ibi tí Akínsànmí dọ̀bálẹ̀ sí.

Ẹ rò pé ibẹ̀ ni ìwà ìbàjẹ́ mi parí sí? Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n pè mí jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá mi ti sọ fún wọn pé Ọlọ́run yọ mí lọ́wọ́ ọkùnrin tó fi àìsàn pamọ́. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n dúpẹ́, wọ́n jó. Mo ṣe "Àmín". Mo ṣe é kíkankíkan. Akínsànmí ń pe fóònù mi ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, mi ò gbé e. Nígbà tó yá, kò pè mọ́.

Mi ò dé jíìmù mọ́. Oṣù méjì kọjá. Mo ti ń sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ náà ti rọlẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Bàbá mi ló ṣí i. Kingsley ni, ó gbé bàtà mi àti bẹ́líìtì fífẹ̀ tí mo máa ń dè mọ́ ikùn fún sikúọ́ọ̀tì lọ́wọ́.

"Good afternoon, Daddy. I dey pack go another place, na im I say make I bring Tayo load."

"Which kain load be this?" bàbá mi béèrè.

"Her shoe and belt wey she dey take carry iron now. Daddy, abeg help me beg am. Since that day wey iron fall for Akin back, she no gree come again. I don tell am tire say no be her fault. She stand for him back, phone ring. E fit happen to anybody."

Màmá mi ti yọ láti ìdí àdògán. "Fóònù wo?"

"Your call now, Mummy. She tell you say she dey choir."

Mo wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀.

Kingsley ò mọ ohun tó ṣe. Ó gbé ẹrù sílẹ̀, ó kí wọn, ó lọ. Bàbá mi ti ilẹ̀kùn. Ó yíjú sí mi, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

"Ọmọ yẹn dọ̀bálẹ̀ fún mi pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ti dá. Ìwọ sì mọ̀."

"Dádì, ẹ foríjì mí."

"Mo bi ọ́ léèrè. Lójú gbogbo ayé, mo bi ọ́ léèrè!" Omi bọ́ lójú bàbá mi. Mi ò rí ẹkún bàbá mi rí. "A lé ọmọ ọlọ́mọ jáde bí olè. Dìde. Wọ bàtà. A ń lọ bẹ̀ wọ́n."

A bá wọn létí odò. Akínsànmí jókòó sórí pákó níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé ìrọ̀rí sẹ́yìn. Ó ti rù. Màmá rẹ̀ ń ṣa edé nínú agbọ̀n. Nígbà tí ìyá náà rí wa, kò dìde.

Bàbá mi ṣí fìlà. Ọkùnrin àádọ́rin ọdún, ó tẹríba fún wọn. "Ìyá, mo wá tọrọ àforíjì. Ọmọ mi ti jẹ́wọ́. Àwa la jẹ̀bi." Èmi ti kúnlẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀, mò ń wí pé "Ẹ dákun, mà, ẹ dákun," mi ò lè wí nǹkan mìíràn.

Màmá Akínsànmí wò mí. "Ẹ̀yìn ló dun ọmọ mi lọ́jọ́ yẹn," ló wí. "Ìwọ, kí ló ṣe ẹnu tìẹ?"

Mo tún ní, "Ẹ dákun, mà."

Akínsànmí ní, "Màmá, ó tó. Dádì, ẹ dé fìlà yín, sà. Mi ò bá yín bínú. Wọn ò sọ fún yín ni." Ó wá kọjú sí mi. Ohùn rẹ̀ tútù, ohùn tó fi máa ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. "Táyọ̀, ti jíìmù, mo ti dárí jì ọ́ lọ́jọ́ náà, òótọ́ inú mi sì ni. Ìbẹ̀rù bojo ni. Àmọ́ ní pálọ̀ yín, wọ́n pe orúkọ ẹ, wọ́n fún ẹ láyè, èmi wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ẹ. O ní o ò mọ̀."

"Akin, mo bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù ló bà mí. Fún mi láyè kan sí i. Màá sọ fún gbogbo ayé."

"Sọ fún wọn tàbí má sọ. Ti pé kí n fẹ́ ẹ, ìyẹn ti tán. Bí a bá fẹ́ra, tí wahálà bá dé, ojú ẹ ni màá máa wò láti mọ̀ bóyá o máa sọ pé o mọ̀ mí. Mi ò lè gbé ìgbé ayé bẹ́ẹ̀."

Bàbá mi bẹ̀ ẹ́, bẹ̀ ẹ́. Ó ń dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo gbọ́, sà." Kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Nígbà tí a fẹ́ lọ, ó fẹ́ dìde láti sin bàbá mi, ó di òpó mú, ó sì dúró díẹ̀ kó tó lè nàró. Mo na ọwọ́ láti ràn án lọ́wọ́. Ó ní, "Má ṣèyọnu," ó sì pe màmá rẹ̀.

A wọ ọkọ̀ padà sílé.

Màmá mi ti gbé oúnjẹ sórí tábìlì. Mo rò pé yóò la abọ́ mọ́ mi lórí, nítorí choir, nítorí irin, nítorí gbogbo irọ́ ọdún kan yẹn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jókòó tì mí, ó ń wò mí, ọ̀rọ̀ náà kò yé e.

"Ọmọ́táyọ̀, ṣé nítorí ìbínú mi ni? Ṣé ohun tí o ń sá fún nìyẹn?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ìbínú mi! Èmi tí mo máa ń bínú láàárọ̀, tí màá tún máa pè ọ́ jẹun lọ́sàn-án? Bí o bá sọ fún mi nígbà náà, ǹ bá pariwo, ǹ bá sunkún díẹ̀. Kó tó di ọjọ́ kejì, mo ti gbàgbé." Ó fi etí ìró nu ojú. "Ọmọ yìí, ìbínú ọjọ́ kan ni o fi ọkọ ẹ pààrọ̀."

Ó sún abọ́ sí iwájú mi, ó ní kí n jẹun kó tó tutù.